Bí Àwọn Darandaran Ṣe Di Oníṣègùn Màlúù

  Ìtàn la mú wá fún yín lónìí. Ìtàn àrùn kan ni, àrùn tó ti tán pátápátá láyé. Màlúù ni àrùn náà máa ń pa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní màlúù má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Fúlàní ni, kó wá pa ìwé dé. Ọ̀rọ̀ náà kan ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ó kan adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ewúrẹ́ bá ń wúkọ́ ní Kambolé lálẹ́ òní, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, ta ni ẹ ó pè? Dókítà ẹran kì í gbé abúlé. Ẹni tó bá ń wá a á lọ sí Tchamba, tàbí kó gba Tchamba kọjá lọ sí Sokodé. Ẹ san owó ọkọ̀ lọ, ẹ san owó ọkọ̀ bọ̀, ẹ ra oògùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, kí ẹ wo ohun tí yóò kù nínú owó ewúrẹ́ kan. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n pa ewúrẹ́ náà kó tó kú, tàbí kí wọ́n yára fà á lọ sọ́jà. Ẹni tó rà á á sì fa àrùn náà lọ sí ilé tirẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti Togo nìkan. Ibi tí dókítà kò lè dé pọ̀ ní Áfíríkà. Àrùn tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, irú ibi bẹ́ẹ̀ ló sá pamọ́ sí ní ìkẹyìn. Àwọn tí wọ́n sì wá a lọ síbẹ̀ kì í ṣe dókítà. Darandaran ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé rárá.

IRÚ ÀRÙN TÓ JẸ́

Rinderpest ni àwọn dókítà ń pe àrùn náà. Ọ̀rọ̀ èdè Jámánì ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní peste bovine. Kòkòrò tó ń fà á kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó bá kòkòrò àrùn èéyi tó ń ṣe ọmọdé tan, ìran kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n rinderpest kì í mú ènìyàn. Màlúù ló ń mú, àti ẹfọ̀n inú igbó, àti àwọn ẹran mìíràn tó jọ wọ́n.

Bí ó bá mú màlúù, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní jẹun mọ́. Omi á máa dà lójú rẹ̀, ikun á máa ṣàn nímú rẹ̀. Egbò á yọ sí i lẹ́nu, itọ́ á máa kán sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 12, ọ̀pọ̀ ti kú. Èémí àti omi imú ni àrùn náà fi ń ti ara màlúù kan bọ́ sí ara òmíràn, pàápàá níbi tí agbo méjì bá ti jọ ń mu omi.

Ṣùgbọ́n màlúù tó bá yè bọ́ nínú rẹ̀ kò ní í ní i mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣànpọ̀nná rí: ẹni tó bá ti ṣe é tó sì yè kì í tún un ṣe. Orí ohun yìí ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró lé. Àjẹsára a máa fi kòkòrò tí a ti sọ di aláìlágbára han ara, kí ara lè mọ ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé.

BÍ Ó ṢE DÉ ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, àrùn yìí pa màlúù nílẹ̀ Yúróòpù lọ bẹẹrẹ. Ìdààmú rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ará Faransé kan, Claude Bourgelat, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ẹran ní ìlú Lyon ní 1761. Ṣáájú rẹ̀ kò sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé. Bourgelat fúnra rẹ̀ kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ẹṣin gígùn ni. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé tí màlúù ti ń kú. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń rìn lọ bá ẹran níbi tí ẹran wà.

Ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ kò tíì rí irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1887, wọ́n kó màlúù gba orí òkun wá sí Eritrea fún àwọn ọmọ ogun Ítálì. Àrùn náà bá àwọn màlúù náà wá. Ní Ethiopia, nínú màlúù 10, nǹkan bí 9 ló kú. Màlúù ni wọ́n fi ń túlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà oko kò ṣeé ro. Ìyàn mú, ènìyàn sì kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Láti ibẹ̀ ni àrùn náà ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí 1891. Nígbà tí yóò fi di 1897, ó ti dé ìpẹ̀kun Áfíríkà ní gúúsù.

Àwọn Fúlàní kò gbàgbé ìgbà náà. Ọkùnrin tó ní agbo ńlá lọ́dún tó kọjá á jí, kò ní rí màlúù kan ṣoṣo. Àwọn kan mú ọkọ́, wọ́n di àgbẹ̀. Àwọn kan fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, wọn kò padà mọ́.

Lágbègbè tiwa yìí, eṣinṣin tsetse ti ń dá màlúù dúró tipẹ́. Àrùn tí eṣinṣin yìí ń gbé kiri a máa gbẹ màlúù oníké títí yóò fi kú. Màlúù kékeré ti àwọn Somba, lápá àríwá Togo àti Benin, ló lè fara dà á díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbo ńlá kò fi pọ̀ nínú igbó wa láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Burkina Faso àti ní Niger, àwọn darandaran á kó ẹran wọn sọ̀ kalẹ̀ wá síhìn-ín wá koríko àti omi. Ìjà oko ni a máa ń rántí bí a bá gbọ́ orúkọ wọn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tí màlúù jẹ iṣu rẹ̀ kò lè tètè gbàgbé. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé àrùn náà lẹ́sẹ̀. Bí agbo bá ń rìn, àrùn ń bá a rìn. Kò mọ bóyá ẹran Fúlàní ni tàbí ẹran àgbẹ̀.

ABẸ́RẸ́ TÓ Ń FẸ́ ÒTÚTÙ

Dókítà ẹran kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Walter Plowright, ló ṣe àjẹsára tó dára jù lọ fún àrùn yìí. Muguga ní Kenya ló ti ṣe é, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí 1960. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún màlúù títí ayé rẹ̀. Kò wọ́n. Kì í pa màlúù lára. Ní 1999, wọ́n fún Plowright ní ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ṣe ohun tó mú kí oúnjẹ pọ̀ láyé.

Ní 1962, àwọn ìjọba Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní JP15. Agbègbè Adágún Chad ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Orílẹ̀-èdè 22 ló kópa nínú rẹ̀, Togo sì wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wọ mọ́tò lọ sí ibi tí darandaran wà. Wọ́n á fi igi ṣe ọgbà tóóró, wọ́n á da màlúù sínú rẹ̀, wọ́n á máa gún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gé àmì sí etí èyí tó ti gbà á.

Iṣẹ́ náà parí ní 1976. Àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà náà. Àwọn ìjọba wò ó pé ewu ti rékọjá. Owó lọ sí ibòmíràn, mọ́tò bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé màlúù ń bímọ. Ọmọ màlúù tí wọ́n bí ní 1977 kò gba abẹ́rẹ́ 1970. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, inú agbo ti kún fún ẹran tí ara wọn kò mọ àrùn náà rí.

Níbi méjì ni iná kékeré ti ń jó lábẹ́ eérú: ní ààlà Mali àti Mauritania, àti ní Sudan. Ibi tó jìnnà sí ojú títì ni méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni àrùn náà ti tún jáde ní nǹkan bí 1980. Ó tún tàn ká ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ní 1983, ó ṣọṣẹ́ gidigidi. Àwọn tó ti gbàgbé rẹ̀ tún rí òkú màlúù lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn kan á ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ya ọ̀lẹ. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àjẹsára Plowright dára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ òtútù. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì ní ìlú, kó wà nínú àpótí oníyìnyín lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi, wákàtí díẹ̀ péré ló ní, kó tó di omi lásán. Ẹ ronú sí oòrùn oṣù kẹta níhìn-ín. Ẹ ronú sí yìnyín tí wọ́n gbé kúrò ní ìlú láàárọ̀. Ibi tí yìnyín bá yọ́ sí, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ parí sí. Abúlé tó wà níwájú rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà, bí òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ẹni rere.

Ní 1986, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní PARC. Ilẹ̀ Yúróòpù ló fi owó púpọ̀ ràn án lọ́wọ́, ó sì lé ní orílẹ̀-èdè 30 tó wọ inú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà, pẹ̀lú mọ́tò àti yìnyín, ó sì ṣeé ṣe, nítorí ọ̀nà wà, ogun kò sì dí i. Lẹ́yìn 1988, a kò gbúròó àrùn náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N GBÉ ABẸ́RẸ́ RÌN

Ní gúúsù Sudan, ogun ń jà láti 1983. Kò sí ọ̀nà, kò sí iná, kò sí fìríìjì. Ní ilẹ̀ Afar ní Ethiopia, aṣálẹ̀ gbígbóná ni, àwọn darandaran ibẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Mọ́tò ìjọba kò lè dé ibẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ dé, àwọn tó ni màlúù kò fẹ́ fi ẹran wọn han àlejò. Ẹni tó bá ka màlúù rẹ lónìí lè wá gba owó orí lọ́la.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Èkíní ni àjẹsára tuntun. Dókítà ẹran ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Mariner, mú àjẹsára Plowright, ó sì wá ọ̀nà tuntun láti gbẹ ẹ́, kí ooru má baà tètè bà á jẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ yìí. Àjẹsára tuntun náà lè wà láìsí fìríìjì fún nǹkan bí oṣù kan. Ènìyàn lè fi í sínú àpò, kó gùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tàbí kó fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ púpọ̀, kó sì bá a bó ṣe wà.

Èkejì ni ènìyàn. Bí abẹ́rẹ́ kò bá nílò fìríìjì, kò nílò mọ́tò mọ́. Bí kò bá nílò mọ́tò, kí ló dé tí ẹni tó máa gún un fi gbọ́dọ̀ ti ìlú wá? Wọ́n ní kí àwọn àgbààgbà yan ẹni tí wọ́n fọkàn tán láàrin ara wọn. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: ṣé ẹni yìí mọ ẹran? Ṣé ó ń bá agbo rìn? Ṣé kò ní sá lọ sí ìlú lọ́la? Wọ́n kó àwọn tí a yàn jọ fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń po àjẹsára, bí a ṣe ń gún un, bí a ṣe ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná kó lè mọ́. Àwòrán àti àfihàn ni wọ́n fi kọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ kò lè kàwé.

Kì í ṣe pé àwọn dókítà nìkan ló kọ́ni. Àwọn náà kẹ́kọ̀ọ́. Darandaran mọ orúkọ àrùn màlúù kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tó máa ń dé, ó mọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àrùn mìíràn tó jọ ọ́. Dókítà tó bá jókòó tì í lábẹ́ igi, tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, á mọ ibi tí rinderpest wà láìtíì fojú rí màlúù kan.

Ní gúúsù Sudan, ní 1993 nìkan, màlúù tó ju mílíọ̀nù 1 lọ ló gba abẹ́rẹ́. Àjọ UNICEF wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, iye tí wọ́n ń gún lọ́dún kéré sí èyí jìnnà. Ní Afar, ní nǹkan bí 1994, ìwọ̀nba darandaran díẹ̀ ni wọ́n kọ́, wọ́n sì gún màlúù tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù náà wò, wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ náà ti mú. Ọwọ́ darandaran kò kéré sí ọwọ́ dókítà nínú iṣẹ́ yìí. Láàrin ọdún díẹ̀, àrùn náà kúrò ní ilẹ̀ Afar.

Ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn láyé ni ara àwọn ẹfọ̀n nínú igbó ọba Meru ní Kenya, ní 2001. Ìgbà náà ni iṣẹ́ mìíràn tó wá bẹ̀rẹ̀, èyí tí ènìyàn kì í sábà gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ti lọ gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró, kó sì máa wò. Bí màlúù kan bá ń da omi lójú níbikíbi, wọ́n á lọ wò ó, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọdún 10 ni wọ́n fi wò bẹ́ẹ̀. Ní 2011, àjọ tó ń bójú tó ìlera ẹran láyé àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kéde pé rinderpest ti tán. Ṣànpọ̀nná ni àrùn àkọ́kọ́ tí ènìyàn lé kúrò láyé. 1980 ni wọ́n kéde rẹ̀. Rinderpest ni èkejì. Títí di òní yìí, kò tíì sí ẹ̀kẹta.

TA NI YÓÒ SANWÓ?

Irú ẹni tí a ń sọ yìí, lédè Faransé ní Togo, wọ́n a máa pè é ní auxiliaire. Olùrànlọ́wọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ tàbí ọlọ́sìn ni, tó kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1980, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà lọ́rùn, wọ́n sì dín àwọn òṣìṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ Togo ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Dakar, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde, tí ìjọba kò gbà síṣẹ́, ìlú ńlá ni yóò jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Nígbà kan náà, àwọn ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni ń dìde. Ní Lyon kan náà tí Bourgelat ti bẹ̀rẹ̀, ní 1983, wọ́n dá ẹgbẹ́ Vétérinaires Sans Frontières sílẹ̀, èyí ni àwọn dókítà ẹran tí ààlà kò dá dúró. Ẹgbẹ́ tó ti ara rẹ̀ jáde ti ṣiṣẹ́ ní Togo náà. Irú ẹgbẹ́ báwọ̀nyí a máa wá, wọ́n a máa tọ́jú ẹran lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n a sì máa kọ́ àwọn ará abúlé.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò lọ. Ẹni tí wọ́n kọ́ ni yóò kù. Bí wọ́n bá ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, yóò ṣe é lọ́dún kìíní, yóò ṣe é lọ́dún kejì. Ní ọdún kẹta, ìyàwó rẹ̀ á béèrè pé ta ló ń bá a ro oko rẹ̀ nígbà tó ń lọ gún ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni obìnrin náà béèrè. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ohun tó pa iṣẹ́ náà nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀. Ibi tí iṣẹ́ náà ti pẹ́, ẹni tó ni ẹran ló ń san owó díẹ̀: owó oògùn, àti ìwọ̀nba fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá. Ní gúúsù Sudan pàápàá, nínú ogun, àwọn ọlọ́màlúù bẹ̀rẹ̀ sí san nǹkan.

Ìṣòro kejì ni pé ẹni tó bá ní oògùn lọ́wọ́ tí kò sí ẹni tó ń wò ó lè sọ ara rẹ̀ di dókítà. Oògùn ojú ọjà pọ̀, òmíràn kò lágbára, òmíràn ti bàjẹ́. Ẹran tí a gún ní oògùn lónìí, tí a pa jẹ lọ́la, oògùn náà wà nínú ọbẹ̀. Nítorí náà olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní dókítà kan tó ń jíhìn fún. Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní ihò ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti la á wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kó sì ránṣẹ́ sí Tchamba tàbí Sokodé kíá.

EWÚRẸ́ ÀTI ADÌYẸ

Rinderpest ti lọ, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ wà nílé wa. Àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí wọ́n ń pè ní PPR, ìran kan náà ni wọ́n. Ó fara jọ ọ́: ara gbígbóná, omi ojú, ikun imú, egbò ẹnu, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, ikú. Ní Côte d'Ivoire, ní 1942, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, kò jìnnà sí wa rárá. Àjẹsára rẹ̀ wà. Láti ara kòkòrò tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n ń lò jù. Abẹ́rẹ́ kan a máa dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún 3, ó kéré tán. Ní 2015, wọ́n péjọ sí Abidjan, wọ́n sì dá ọdún 2030 fún ara wọn láti lé e kúrò láyé bí wọ́n ṣe lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Èyí le ju ti màlúù lọ, lójú tèmi. Màlúù wà nínú agbo, ó ní olówó tó ń ṣọ́ ọ. Ewúrẹ́ wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ti ìyá arúgbó ni òmíràn, ti opó ni òmíràn, tó fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Ewúrẹ́ a sì máa tètè bímọ ju màlúù lọ, nígbà mìíràn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti adìyẹ rọrùn díẹ̀. Ẹ mọ àrùn tó máa ń gbá adìyẹ abúlé lọ nígbà ọyẹ́, tí ọrùn wọn á lọ́, tí ìgbẹ́ wọn á di aláwọ̀ ewé. Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní lúkúlúkú. Ní Australia, ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Spradbrow àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe àjẹsára kan fún un tí ooru kì í tètè bà jẹ́. I-2 ni orúkọ rẹ̀. Kò nílò abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni, sínú ojú kan, ó parí. Ní Mozambique àti ní Tanzania, àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́ láti máa kán an, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, nítorí obìnrin ló sábà ń ni adìyẹ. Olówó adìyẹ a máa san owó kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí adìyẹ tó jáde, ni ìyá tó ń kán an ti máa ń dé, nítorí bí adìyẹ bá ti tú sígboro, kò sẹ́ni tó lè mú un tán.

Ní ti ewúrẹ́, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ lè dé abúlé kan lónìí, kí wọ́n gún gbogbo ẹran tí wọ́n bá, kí wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ewúrẹ́ tuntun ti kún ilẹ̀. Bí ọmọ màlúù 1977 ṣe rí gan-an ni àwọn náà rí. Wọn kò tíì gba nǹkan kan, àwọn tó wá láti Sokodé kò sì mọ̀ pé wọ́n ti bí wọn.